Ìdí Tí Ìfẹ́ DJ Shadow Kò Fi Kúrò Lọ́kàn Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí ni mo fi ń dá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lóhùn nígbàkígbà tí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ń wá nídìí orin òyìnbó tí kò ní akọrin. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fún mi láàyè kí n ro ẹjọ́ mi.

Joshua Davis ni orúkọ ọkùnrin náà, DJ Shadow ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni a bí i sí ní ọdún 1972. Òun kọ́ ni ó dá irú orin yìí sílẹ̀. Kool Herc, ọmọ Jamaica tí ó ṣe àríyá olókìkí kan ní Bronx ní ọdún 1973, ni a sábà máa ń kà sí aṣáájú. Ó ṣàkíyèsí pé ibi tí ohùn ti dákẹ́ tí ìlù nìkan ń dún ni ara àwọn oníjó ti ń yá jù, ó sì fi àwo méjì sọ ibi kékeré náà di gígùn. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni Shadow kọ́lé sí. Ní ọdún 1996, ó gbé *Endtroducing.....* jáde. Àwọn àwo àtijọ́ tí ẹlòmíràn ti pa tì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe gbogbo rẹ̀: ó mú ìlù nínú ọ̀kan, ó mú dùùrù nínú òmíràn, ó sì fi ẹ̀rọ Akai MPC60 tò wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi di orin titun.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan fi orin náà sínú fóònù mi. Láti ìgbà náà, n kò tíì gbọ́ ọ tó.

Àwọn kan ní olè ni, pé ó ń kórè níbi tí kò gbìn sí. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe kékeré. Ìlù tí Gregory Coleman lù fún ẹgbẹ́ The Winstons ní ọdún 1969 kò ju bí ìṣẹ́jú-àáyá méje lọ, ṣùgbọ́n àìmọye olórin ni ó ti lò ó. Coleman kú ní ọdún 2006 láìrí owó kankan gbà lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ilé wa. Oníjàálá náà ń mú lára ohun tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ti sun. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí olè ni pé ó ń júbà. Nínú fíìmù *Scratch* ti ọdún 2001, Shadow jókòó sí àjà-ilẹ̀ ilé ìtàwé-orin kan láàrin òkìtì àwo. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ni ibẹ̀ ń kọ́ òun, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ó ṣe àwo wọ̀nyẹn kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe àwo yóò ṣe bọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìbà ni mo ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Ọdẹ ni bàbá bàbá mi, ó sì ń sun ìjálá. Ó kú láìsí ẹni tí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, gbólóhùn méjì péré ni bàbá mi rántí. Ìdí nìyí tí mo fi ń tọ àwọn àgbà ọdẹ lọ nígbà ìsinmi. Mo ń gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì ń kọ orúkọ olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí yóò lò ó lọ́la lè mọ ẹni tí yóò júbà fún.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun àtijọ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú àkísà àgbà ni Shadow ti rán ẹ̀wù tí ó wọ̀ lọ sáàárín ayé.