Orúkọ Tí Kò Sí Lára Ẹ́ńjìnnì

Odò ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ. Ní ọdún 1948 ni ilé-iṣẹ́ Vulcan Foundry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹ́ńjìnnì rélùwéè tí wọ́n ń pè ní River ránṣẹ́ sí Nàìjíríà, tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ àwọn odò ilẹ̀ wa. Orúkọ náà sì yẹ wọ́n: ẹ́ńjìnnì tó ń fi oru omi rìn kì í fi omi ṣeré.

Kẹ̀kẹ́ kékeré méjì ló wà níwájú, ńláńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Àwọn mẹ́jọ yẹn ló ń pín ìwúwo ẹ́ńjìnnì kí ojú irin lè gbà á. Méjì ẹ̀yìn ló ń ran ààrò lọ́wọ́ láti fẹ̀, kí iná ràn dáadáa. Iṣẹ́ náà dára débi pé rélùwéè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún àwọn náà: 31 ni ilé-iṣẹ́ North British ní Glasgow ṣe fún wọn. Orúkọ ẹ̀yà ni àwọn yẹn fi sọ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, Masai of Kenya, wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní Nairobi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì ni ọkàn tèmi máa ń lọ sí. Fáyámáànù ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan. Ó máa ń sọ pé kóun tó da ṣọ́bìrì èédú kan sínú iná, ojú òun á ti kọ́kọ́ wo gíláàsì tó ń fi ìwọ̀n omi hàn, torí bí omi bá lọ sílẹ̀ jù, ìkòkò omi náà lè bú gbàmù. Àpá iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì títí ó fi kú.

Èédú náà lẹ́ni tó wà á. Láti Enugu ló ti ń wá, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ìjọba amúnisìn ti yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, nígbà tí wọ́n ń jà fún owó iṣẹ́ wọn.

Orúkọ odò ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ́, ṣùgbọ́n odò kì í wa èédú, kì í sì í dáná. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ tó ṣe àti ìlú tó ti ṣe é. Bó bá ṣì wà láyé, òní ni kẹ́ ẹ lọ bi í.