Ṣé O Rí I, àbí O Gbọ́ Ọ?

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbà mí sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì sanwó rẹ̀ fún mi. Alẹ́ ni mo máa ń ṣe é. Tí àwọn ọmọ bá ti sùn, tí mo bá ti fọ abọ́ tán, màá gbé fóònù mi, màá jókòó sí ilé ìdáná, màá sì máa bá àwọn ènìyàn tí n kò rí rí sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa obìnrin kan tó sọnù.

Obìnrin náà kì í ṣe ará ilé mi. N kò dé ìlú rẹ̀ rí. Ó jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà wálé. Ohun tí a mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa la ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ẹnì kan á wo àwòrán ojú ọ̀nà, á ní ibẹ̀ dá jù. Ẹlòmíràn á ṣírò iye ìṣẹ́jú tí ènìyàn fi ń rìn láti ilé rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Ní tèmi, ojú ọkọ rẹ̀ ni mò ń wò. Ọkùnrin náà jáde lórí tẹlifíṣàn, ó bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n bá òun wá ìyàwó òun. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá kọ ọ́ pé: "Ọkùnrin yìí kò sunkún. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ sọnù, ṣé kò yẹ kó sunkún?" Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó lé ní igba ènìyàn tó ti fara mọ́ ọ̀rọ̀ mi. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ń ṣèrànwọ́.

N kò ní dárúkọ obìnrin náà níbí. Nígbà tó yá, wọ́n rí òkú rẹ̀. Jàǹbá ló ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò pa á, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan nípa ikú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wa kọ "ó mà ṣe o," a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn tó sọnù. N kò padà lọ pa ohun tí mo kọ rẹ́. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí, ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ìkà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ẹni tó kú, a ó sin ín, a ó sunkún rẹ̀, àwọn ará á wá kí wa. Ẹni tó sọnù, a kò lè sin ín, a kò sì lè sọ pé ó wà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ á kàn ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yìí ni àwa àjèjì máa ń gbà wọlé, tí a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù onílé.

Kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ ènìyàn ní àṣà yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá, ọdún 1926, Agatha Christie, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wa ọkọ̀ jáde nílé rẹ̀ ní Sunningdale. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rí ọkọ̀ náà ní Newlands Corner, nítòsí Guildford. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde lọ wá a nínú igbó. Wọ́n fi ọkọ̀ òfúrufú wá a. Arthur Conan Doyle, tó kọ ìtàn Sherlock Holmes, mú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan lọ fún abókùúsọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ó ti kó sómi. Àwọn kan ní ó fara pamọ́ kí ìwé rẹ̀ lè tà. Àwọn mìíràn sì ní ọkọ rẹ̀ ló pa á.

Lẹ́yìn ọjọ́ 11, wọ́n rí i láàyè ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Harrogate, níbi tó ti ń lo orúkọ mìíràn. Àwọn olórin tó ń ṣeré fún àwọn àlejò hòtẹ́ẹ̀lì náà ló dá a mọ̀. Wọn kò ṣe ìwádìí kankan. Ojú wọn ló rí i, wọ́n sì lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ọ̀rọ̀ náà kàn yára sí i ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2013, bọ́ǹbù bú níbi eré ìje kan ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n ń wo àwòrán àwọn tí ọlọ́pàá ń wá. Ní orí Reddit, àwọn kan ní ọ̀kan nínú wọn jọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti sọnù láti oṣù tó ṣáájú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ ọmọ náà ti tàn kálẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n ti ń wá a tọkàntọkàn, wá ń gbọ́ pé ọmọ wọn di apànìyàn. Irọ́ ni. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ǹbù. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n rí òkú rẹ̀ nínú odò. Reddit tọrọ àforíjì.

Mo mọ ìtàn méjèèjì yìí dáadáa ní gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ mi. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò dá mi dúró. Mo rò pé àwọn yẹn kò gbọ́n tó mi ni.

Ó wá kan ilé wa. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Peckham, ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1968. Nígbà tí wọ́n lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé, lẹ́yìn náà ó kan orúkọ àwa ọmọ. Dókítà ní orúkọ tó ń pe àìsàn náà. Mọ́mì Peckham, ìyàwó wọn, kì í pè é lórúkọ. Tí Dádì bá jókòó tí wọ́n ń wo ògiri, Mọ́mì á kàn ní, "Dádì yín ti tún lọ."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kọkànlá, Dádì lọ lóòótọ́. Mọ́mì wà ní ìdí iná. Nígbà tí wọ́n jáde, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, fìlà Dádì kò sì sí lórí ìkọ́. Wọ́n pè mí. Ìmọ̀ràn wo ni mo fún wọn, èmi ọ̀mọ̀ràn alẹ́? Mo ní kí a ṣì dúró, pé ọlọ́pàá kì í wá ènìyàn àfi tó bá pé wákàtí 24. Irọ́ ni èyí pẹ̀lú, inú fíìmù ni mo ti gbọ́ ọ. Ní Britain, kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Tí ẹni tó jáde bá jẹ́ aláìsàn tàbí ọmọdé, 999 ni kí ẹ pè lójú ẹsẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ṣòfò nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Àwọn ọlọ́pàá bi wá léèrè: Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀? Oògùn wo ni wọ́n ń lò? Níbo ni wọ́n ti gbé rí? Níbo ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí? A dáhùn pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni mo kọ ìkéde lórí WhatsApp. Mo fi àwòrán Dádì sí i, mo kọ àwọ̀ ẹ̀wù òtútù wọn àti irú fìlà tí wọ́n dé. Ní ọjọ́ kejì, ìkéde mi padà sọ́dọ̀ mi láti Manchester, láti Houston àti láti Ìbàdàn. Ó ti sanra sí i. "Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ kì í fún un lóúnjẹ." "Wọ́n ní ilé kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí obìnrin náà fẹ́ tà." Ẹnì kan sì ti rí fídíò kékeré tí Mọ́mì ṣe láti bẹ àwọn ará àdúgbò. Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Obìnrin yìí kò sunkún."

Mo ka gbólóhùn yẹn, ara mi tutù. Bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì nígbà tí wọ́n ṣe fídíò yẹn. Wọ́n ti sunkún nínú yàrá fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n fọ ojú, wọ́n pa ara, wọ́n we gèlè. Wọ́n ní Dádì lè rí fídíò náà níbi tí wọ́n wà, àwọn kò sì fẹ́ kí ẹ̀rù bà wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá ti mọ̀ pé "wọ́n" jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Òun ni mò ń lò fún Dádì àti Mọ́mì láti òkè wá. Ṣùgbọ́n "wọ́n" mìíràn wà, èyí tó wà nínú "wọ́n ní". Ìyẹn kò ní olówó. Ẹni tó bá sọ pé "wọ́n ní" lè sọ ohunkóhun, kí ó sì máa lọ ilé rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn, tí mo bá sáré wọlé pẹ̀lú ìròyìn, ìyá mi àgbà á kọ́kọ́ bi mí pé: "Ta ni wọ́n? Ṣé o rí i, àbí o gbọ́ ọ?" Tí mo bá ní mo gbọ́ ọ ni, wọ́n á ní kí n lọ mu omi ná. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nípa Dádì lórí fóònù lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, kò sí ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mo rí."

Ní ìdájí ọjọ́bọ̀, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Paddington pe ọlọ́pàá. Ó ní òun rí bàbá arúgbó kan tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, pé òun ti rí wọn níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná, pé ọwọ́ wọn tutù, pé nígbà tí òun bi wọ́n léèrè, wọ́n ní iṣẹ́ alẹ́ ni àwọn wá ṣe. Gbogbo ohun tó sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dádì wa ni. Wọ́n wà láàyè.

Ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́ kan ló ṣàlàyé fún wa ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí Dádì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tó fẹ́ Mọ́mì, abọ́ ni wọ́n ń fọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì yẹn lóru. Bọ́ọ̀sì 36 máa ń gbé ènìyàn láti Peckham dé Paddington. Ọkàn Dádì ti gbàgbé orúkọ wa, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ibi iṣẹ́.

Inú wa dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Àwọn tó ka "wọ́n ní" pọ̀ ju àwọn tó gbọ́ pé a ti rí Dádì lọ. Mọ́mì kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì fún oṣù mẹ́rin, nítorí ojú tí àwọn kan fi ń wò wọ́n. Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń gé ẹ̀fọ́, mo sọ fún wọn nípa iṣẹ́ alẹ́ mi, àti ohun tí mo kọ nípa ọkọ obìnrin tó sọnù yẹn. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ìwọ náà?"

"Ẹ̀yin Mọ́mì, èmi náà ni."

Wọn kò sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n gbé ọ̀bẹ, wọ́n sì ń gé ẹ̀fọ́ wọn lọ. Òwe wa ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Èmi ti sọ òkò tèmi tipẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo padà lọ pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọkùnrin náà ti kà á.

Fọ́ọ̀mù kan wà ní Britain tí wọ́n ń pè ní Herbert Protocol. Orúkọ George Herbert, sójà àtijọ́ tó jà ní Normandy, tí àìsàn ìgbàgbé sì mú lọ́jọ́ ogbó, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ẹbí aláìsàn ló máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí wàhálà tó dé: oògùn, àwòrán, ilé tí ó ti gbé rí, ibi tí ó ti ṣiṣẹ́ rí. Kò sí àyè fún "wọ́n ní" nínú rẹ̀. Tiwa wà lára fíríìjì Mọ́mì báyìí. Èmi ni mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí Dádì lè lọ, Mọ́mì gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé: Paddington, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn.