Mo Dé Pápá Àjàó: Omi Ìṣápá, Kánún àti Ìdíje Sáyẹ́ǹsì

Ẹni tí kò dé Pápá Àjàó rí, tí ó kàn ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ọkọ̀, lè rò pé pápá gbalasa ni òun yóò bá níbẹ̀, pẹ̀lú koríko tútù àti ewúrẹ́ tí ń jẹ̀ kiri. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ bá rí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó ẹní méjì níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé sí, tí a kò sì pàtẹ ọjà lé lórí, ẹ wá fi hàn mí. Ilé fara ti ilé, ṣọ́ọ̀bù fara ti ṣọ́ọ̀bù, òórùn epo mọ́tò àti òórùn àkàrà sì jọ ń wọ imú ẹni lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti Agbádó ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ń pè ní Red Line, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, mo sì sọ̀ ní Múṣin. Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe àlejò ní ìhà ibẹ̀, nítorí láti ìgbà tí ojú irin Èkó ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 ni ó ti ń gba Múṣin kọjá. Mo dá Agege Motor Road kọjá tàdúràtàdúrà, mo gba Palm Avenue, kò sì pẹ́ tí mo fi wọ Pápá Àjàó.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ara iṣin ni orúkọ Múṣin ti wá, pé àwọn ènìyàn a máa wá mú iṣin níbẹ̀ nígbà tí igi ṣì pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣin mọ̀ pé a kì í fi ipá la èso rẹ̀. A ń dúró kí ó là fúnra rẹ̀ lórí igi kí a tó jẹ ẹ́, nítorí májèlé ń bẹ nínú èyí tí kò tíì là. Hypoglycin ni àwọn onímọ̀ ń pe májèlé náà lónìí, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ti ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn kí orúkọ yẹn tó dé ayé.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé kò ṣàjèjì sí àdúgbò yìí pẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Múṣin wà. Ọdún 1967 ni ó tó bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Alhaji Lateef Jákàńdè, tí ó ṣe gómìnà Èkó láti ọdún 1979 sí 1983, ni ó fi òpin sí àṣà kí àwọn ọmọ kan máa lọ sí ilé-ìwé láàárọ̀ kí àwọn mìíràn sì máa lọ lọ́sàn-án. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo rí ní Pápá Àjàó, ọmọ-ọmọ àwọn tí ó jàǹfààní wọ̀nyẹn ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi kan, tí a jọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ni ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ń kọ́ni ní kẹ́mísírì ní ilé-ìwé gíga ìjọba kan ní àdúgbò náà. Ó ní àwọn ọmọ òun mẹ́ta fẹ́ lọ sí ìdíje sáyẹ́ǹsì láàárín àwọn ilé-ìwé, pé kí n wá jókòó bí adájọ́, kí n bi wọ́n ní ìbéèrè láìṣojúsàájú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé oríṣi ìdíje méjì ni ó wà. Èkíní ni ti ìbéèrè àti ìdáhùn. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, ìdíje National Science and Maths Quiz ti di ohun tí gbogbo ìlú ń wò bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Ilé-ìwé Presec tí ó wà ní Legon ti gbà á ní ìgbà 8 títí di ọdún 2023. Ní ilẹ̀ wa, ìdíje ìṣirò Cowbell bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998. Èyí tí ó ga jù nínú ti ìṣirò, International Mathematical Olympiad, orílẹ̀-èdè 7 péré ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Romania ní ọdún 1959. Ìbéèrè 6 ni wọ́n ń ṣe fún ọjọ́ méjì, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lójoojúmọ́. Nàìjíríà kọ́kọ́ kópa níbẹ̀ ní ọdún 2006.

Oríṣi kejì ni èyí tí ọmọ yóò gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, tí yóò sì dúró tì í. Ẹ ó rántí àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá tí ń lo ìtọ̀ wá sí Maker Faire Africa ní Èkó ní ọdún 2012. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 14, ìkẹrin jẹ́ ọmọ ọdún 15. Ariwo wọn kan gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ wá béèrè pé: iná tí a kọ́kọ́ lò láti yọ afẹ́fẹ́ hydrogen kúrò nínú ìtọ̀ ńkọ́? Ṣé èyí tí ẹ̀rọ yóò dá padà pọ̀ jù ú lọ? Àwọn kan rò pé ìbéèrè yẹn fẹ́ bu iyì àwọn ọmọ náà kù. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni èrè tí ó wà nínú ìdíje, ju ife wúrà lọ.

Ìdíje oríṣi kejì yìí ni àwọn ọmọ Pápá Àjàó ń lọ, ó sì yẹ wọ́n, nítorí pé bí ilé-ìwé wọn kò bá ní yàrá ìdánwò tí ó dára, ìgboro wọn ní. Ẹ̀gbọ́n mú mi lọ sí ọ̀nà ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ oríṣiríṣi. Ọmọdékùnrin kan tí kò tóbi ju àpò gàrí lọ ń fi jáàkì gbé ọkọ̀ bọ̀ọ̀sì. Òfin tí Pascal ará Faransé là sílẹ̀ ní ohun tí ó lé ní 350 ọdún sẹ́yìn ni ó ń lò. Wẹ́dà kan da omi sórí kábáàdì nínú àgbá, gáàsì acetylene jáde, ó sì fi jó irin. Ẹ̀rọ tí ń mú iná wá nínú ọkọ̀, ọgbọ́n tí Faraday rí ní ọdún 1831 ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tí ìwé fi àwòrán hàn wá ní kíláàsì, ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó dọ̀tí, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí a padà dé ilé-ìwé, àwọn ọmọ náà ti tẹ́ tábìlì wọn. Ọmọbìnrin méjì ni, àti ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń gba bátìrì ọkọ̀ sí iná ní ẹ̀yìn ilé-ìwé wọn. Gbogbo wọn wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n sì fi awò àwọn wẹ́dà bo ojú. Ẹ̀gbọ́n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ lásán kan nǹkan.

Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ aṣáájú wọn ṣàlàyé. Yàrá 6 ni ó wà nínú bátìrì ọkọ̀ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi volt 2 wá, ìyẹn ni ó di 12. Òjé ni àwọn awo inú rẹ̀, omi tí ó bò wọ́n sì jẹ́ ásíìdì imí-ọjọ́. Nígbà tí bátìrì bá kú pátápátá, wọn a da omi náà sí gọ́tà kí wọ́n tó ta òjé rẹ̀. Ìbéèrè wọn ni pé: kí ni omi yẹn ń ṣe ní Pápá Àjàó?

Ilé-ìwé kò ní bébà tí a fi ń dán ásíìdì wò. Wọ́n ra ìṣápá pupa, èyí tí a fi ń ṣe zobo, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Bí a bá da omi ìṣápá sínú ásíìdì, yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Bí a bá dà á sínú omi kánún, yóò yí padà di aláwọ̀ ewé. Wọ́n bu omi ẹ̀rọ, omi kànga, omi gọ́tà tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ abátìrì, àti omi gọ́tà tí ó ti kọjá ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn pọ́n fòò. Wọ́n wá ń bu kánún tí ìyá wọn fi ń se ewédù sí i, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n ń kà á. Ó hó yàà, lẹ́yìn náà pípọ́n rẹ̀ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Èmi kò pàtẹ́wọ́. Mo ní, “Kánún ti pa ásíìdì. Òjé ńkọ́?”

Ilé dákẹ́. Ọmọkùnrin náà ni ó sọ̀rọ̀ níkẹyìn: “Sà, nǹkan funfun kan máa ń wà ní ìsàlẹ̀ bátìrì tó bá ti kú.” Aṣáájú wọn wo ìgò náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Òjé ò lọ, sà. Ó wà nínú ẹrẹ̀ yẹn.”

Òótọ́ ni ó sọ. Kánún lè pa ásíìdì, ṣùgbọ́n kò sí kánún tí ó lè pa òjé. Ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa àwọn ọmọ kékeré tí ó lé ní 400. Kódà èyí tí kò tó láti pa ọmọ lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn òbí yóò sì máa sọ pé orí ọmọ kò gba ìwé. Àwọn ọmọ kékeré Pápá Àjàó ń ṣeré lẹ́bàá gọ́tà wọ̀nyí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó kù kí ìdíje tó dé. Ẹ̀gbọ́n ní kí a lọ bá bàbá ọmọkùnrin náà, nítorí pé ó ti fẹ́ yọ ọmọ kúrò nínú ọ̀ràn náà. A kí i, ó dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le.

Ó ní, “Ọ̀gá tíṣà, ẹ káàsán. Ṣé ọmọ tí mo bí ni ẹ fẹ́ kó fẹjọ́ mi sun ìjọba?”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀. “Bàbá mi, mi ò ní dárúkọ yín. Lọ́dọ̀ yín ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ásíìdì.”

Bàbá náà sọ fún wa láìfi bò pé, láti ìgbà tí ọmọ ti ṣe JSS3 ni òun ti fẹ́ kí ó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti mọ iṣẹ́. Kí ni ìwé àti ìdíje yóò fi kún un? Ẹ̀gbọ́n fèsì pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ó ń gba bátìrì sí iná, ẹni tí ó mọ ìdí iṣẹ́ ni ó ń ṣe bátìrì. Àti pé nínú ìdánwò WAEC, ọmọ ilé-ìwé gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì kí ó tó lè yege dáadáa, ìdíje sì ń kọ́ ọ ní ìyẹn. Bàbá náà ronú. Ó ní, “Ó dáa. Tí mo bá gbá omi yìí jọ sínú kéègì, ta ló máa wá gbé e?” Kò sí ẹni tí ó rí èsì fọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ, ó yọ haidirómítà rẹ̀ tí ó fi ń wọn ásíìdì, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kí ó mú un lọ sí ìdíje, kí ó má fọ́ ọ.

Mo padà wá ní ọjọ́ ìdíje. Àwọn ilé-ìwé aládàáni kan gbé kọ̀ǹpútà wá, àwọn ọmọ Pápá Àjàó to ìgò omi ọlọ́rá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sẹ́ ẹrẹ̀ náà, wọ́n ti fi òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà kan wọ̀n ọ́n, wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Adájọ́ obìnrin kan tẹjú mọ́ wọn, ó ní, “Ibo lẹ da ẹrẹ̀ òjé náà sí?”

Aṣáájú wọn dáhùn pé, “A ò dà á, mà. Òun ló wà nínú ìgò tí a dé yìí. A ò tíì mọ ẹni tí a máa gbé e fún.”

Obìnrin náà kọ̀wé pẹ́ títí. Ipò kejì ni wọ́n gbà. Ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn gbẹ ẹja ni ó gba ipò kìíní, ó sì tọ́ sí wọn. Ìwé àti àpò ilé-ìwé ni ẹ̀bùn tí àwọn ọmọ wa gbé délé.

Ọmọkùnrin náà ṣì wà ní ilé-ìwé. Ó wà ní SS2 báyìí, lẹ́yìn ilé-ìwé ni ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀ kò da omi bátìrì sí gọ́tà mọ́. Inú kéègì ni ó ń dà á sí, ó sì ń tì í mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kí ọmọdé má baà dé ibẹ̀. Àwọn tí ń ra òkú bátìrì gba òjé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi omi àti ẹrẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìbéèrè, ẹ má lé e, bí ìbéèrè náà tilẹ̀ kan yín. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ẹ má dúró de ìgò tí ó ń dán kí ẹ tó kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì; ìṣápá wà lọ́jà. Ẹ̀yin aláṣẹ ìbílẹ̀, ẹ fi ibì kan hàn wá tí a lè máa gbé irú ẹrẹ̀ yìí lọ. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá sì mọ ilé-iṣẹ́ tí ń gbà á láìdà á sí odò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí olótùú. Kéègì mẹ́ta ti kún ní Pápá Àjàó.