Ìjàpá Méjì ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun

Nígbà tí ọkọ̀ wa kúrò ní Òṣogbo, tó kọjá Òkinni, àárín ìlú ni a wà títí. Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ti súnmọ́ra débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ìlù ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wá sí Ẹ̀rìn, nítorí ìlú àwọn Àyàn ni. Ọkọ̀ ló gbé èmi wá: Volkswagen àtijọ́ tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá. Mẹkáníìkì kan níbẹ̀ ní méjì tó fẹ́ tà, mo sì fẹ́ mú ọ̀kan.

Ti àkọ́kọ́ ṣì wà bí wọ́n ṣe tò ó ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Òjó, l'Ékòó, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1975. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìpẹtà sì ti mú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé ló ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì ń dán gbinrin. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, wọ́n fi ti Subaru sí i. Wọ́n gbé rédíétọ̀ síwájú, wọ́n fi èésì àti bíréèkì dísìkì kún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ wọ èyí ná, kí ẹ gba atẹ́gùn tútù," ni mẹkáníìkì wí.

Mo wà á lọ sí ọ̀nà Ìlobùú. Ó ń sáré, bíréèkì rẹ̀ ń mú dáadáa, ara sì tù mí. Àmọ́ tí mo bá di ojú, Tòkunbọ̀ lásán ni. Mo bọ́ sínú ti àkọ́kọ́. Ẹ́ńjìnnì dáhùn lẹ́yìn mi pẹ̀lú ìró tí gbogbo ọmọ tó dàgbà ní ìgbà ayé ìjàpá mọ̀ kí ọkọ̀ tó yọ. Kò ní rédíétọ̀, kò sí omi tí yóò hó. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Bíréèkì rẹ̀ nìkan ló bà mí lẹ́rù: àfi kí èèyàn tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára.

Ferdinand Porsche ló ya àwòrán ìjàpá ní Jámánì kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ asáré tó ń jẹ́ Porsche 356 jáde lọ́dún 1948, ọ̀pọ̀ ohun èlò Volkswagen ló wà lára rẹ̀. Lónìí, ilé iṣẹ́ Singer ní California máa ń tú Porsche 911 àtijọ́ palẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀tun, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì á wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ni yóò sì máa tù ú lára. Wọ́n mọ ohun tí a kì í fọwọ́ kàn. Ilé iṣẹ́ Volkswagen fúnra rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀: New Beetle tó jáde lọ́dún 1997, iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, omi ló sì ń tù ú lára. Ìrísí nìkan ló jọ.

Mi ò kórìíra àtúnṣe o. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, sọ ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́. Ìròyìn rẹ̀ tàn káyé lọ́dún 2014. Ẹni tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ epo bẹntiróòlù ní ìdí tó fi yọ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó yọ ọ́ nítorí kí ọkọ̀ lè sáré, ìbá kúkú ra ọkọ̀ mìíràn.

Kí n tó san owó, mo dúró lọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún dùndún ṣe. Ó ti tú ọsán, ó ń ṣí awọ ewúrẹ́ tó ti gbó. Igi rẹ̀ kò yí padà. Baba rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ó sọ fún mi. Mo padà sí ọgbà mẹkáníìkì, mo mú ti àkọ́kọ́. Mo ní kó bá mi fi bíréèkì dísìkì sí ẹsẹ̀ iwájú, kó sì de bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó, nítorí àwọn tírélà ọ̀nà Ìbàdàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tó bá tú, kó kó o sínú àpò fún mi.

Ẹ̀yin tí ìjàpá baba yín ṣì wà lẹ́yìnkùlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹ pe mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kó wá wò ó. Láti ọdún 2003 tí wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Mẹ́síkò, kò sẹ́ni tó tún ń ṣe irú rẹ̀ mọ́.