Àìsàn Tí A Kì Í Fi Rán Ọmọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Irú èrò kan náà ni mo bá lọ́dọ̀ àwọn Látínò ní Bronx, ní ìlú New York, nígbà tí mo ń gbé àárín wọn. Ẹni tí ìdààmú ọkàn bá nínú wọn kì í fẹ́ kí a ka òun mọ́ wèrè; nervios ni yóò ní ó ń ṣe òun. Àyà rẹ̀ a máa já, ara rẹ̀ a máa gbọ̀n, oorun a sì dá lójú rẹ̀. Ní 1994 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ orúkọ yìí sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àrùn mọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà jìn sí ìtọ́jú. Ìròyìn tí David Satcher, oníṣègùn àgbà fún ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2001 fi hàn pé nínú àwọn Látínò tí ó ní àrùn ọpọlọ, kò tó ẹnì kan nínú 11 tí ó dé ọ̀dọ̀ amọṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ. Àìlówó dá àwọn kan dúró. Ẹ̀rù pé a lè lé wọn kúrò nílùú dá àwọn mìíràn dúró. Ìṣòro èdè ni èmi fi ojú ara mi rí.

Ní 1998, obìnrin kan láti Dominican Republic, tí a jọ ń gbé ilé, lọ sí ilé ìwòsàn. Kò sí ògbufọ̀ níbẹ̀, ni wọ́n bá ní kí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 11, máa túmọ̀. Orí fífọ́ nìkan ni ìyá náà sọ. Ó wí fún mi lẹ́yìn náà pé, “Ṣé ọmọ mi ni n óò rán sí dókítà pé ikú ń wù mí?”

Ọ̀dọ̀ àgbà olórìṣà ará Cuba kan ni ó gbà lọ. Èyí fi àgbọn, òwú àti ẹfun tù ú lórí. “Orí” gan-an ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí àwọn baba ńlá wa tí a kó lẹ́rú ni wọ́n gbé e dé Cuba. N kò sọ pé àgbọn ń wo ìdààmú ọkàn sàn. Àgbà náà jókòó, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní èdè Sípáníìṣì, òun náà ni ó sì wá dókítà tí ó gbọ́ èdè náà fún un.

Láti 2016 ni ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ka fífi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ léèwọ̀ ní ilé ìwòsàn tí ó ń gba owó ìjọba, àfi ní pàjáwìrì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí ń pa á?