Kọ́bọ́ọ̀dù Tó Ń Di Ilé Eré

Kọ́bọ́ọ̀dù ọmọdé tí mo fẹ́ràn jù lọ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Alma Buscher ló ya àwòrán rẹ̀ ní 1923, fún yàrá àwọn ọmọ nínú Haus am Horn, ilé àfihàn tí ilé-ẹ̀kọ́ Bauhaus kọ́ sí Weimar ní Jámánì. Ojú fèrèsé wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ kan. Bí ọmọ bá ṣí i, tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, tó na ọmọláńgidi jáde lójú fèrèsé náà, eré ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àpótí rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ lè fi wọ́n ṣe àga tàbí tábìlì. Òmíràn ní táyà lẹ́sẹ̀, ó di ọkọ̀.

Ohun tó wù mí jù ni pé Buscher kò ya ojú ẹranko kankan sí i. Àga tí wọ́n bá ti ṣe bíi mọ́tò, mọ́tò náà ni yóò máa jẹ́. Àpótí lásán lè jẹ́ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, kó di ọkọ̀ ojú omi lọ́sàn-án. Ẹ̀yin káfíńtà wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé fèrèsé sí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ọmọ, kí ẹ sì fi sáńpépà dán etí rẹ̀ dáadáa, kí igi má baà gún wọn lọ́wọ́.