Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dà

Àwa ọmọ Orè mọ igi. Ní agbègbè Odìgbó níbí, ọkọ̀ agégẹdú àti ilé ìlagi kì í ṣe àjèjì sí wa. Nítorí náà, nígbà tí a dáwó jọ ra ọkọ̀ ojú omi fún ọkọ àbúrò wa tó ń kó èrò ní Igbókọ̀dá, a ní a kò fẹ́ onípákó tó máa ń jẹrà. Àlòkù fáíbà ni a rà. Ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ń dán, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì jìgìjìgì. A gba Òkìtìpupa lọ wò ó. Bàbá kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe fi òòlù kékeré kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí àwọn ìyá wa ti í kan ìkòkò kí wọ́n tó sanwó. Níwájú, ó dún ketekete. Ní ìdí, níbi tí ẹ́ńjìnnì so mọ́, ó dún bọ̀ọ̀. Bàbá lu ihò síbẹ̀. Omi dúdú jáde, igi jíjẹrà tẹ̀lé e.

Fáíbà fúnra rẹ̀, òwú gíláàsì tí a fi résìn lẹ̀ pọ̀, kì í jẹrà. Ṣùgbọ́n igi ni wọ́n sábà máa ń fi sínú ìdí ọkọ̀ kí ó lè gbé ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá gba ojú bóòtù wọlé, kì í rọrùn fún un láti jáde mọ́. Igi á jẹrà, fáíbà á sì ṣí kúrò lára rẹ̀. Àìsàn yìí ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbòkun tí àwọn òyìnbó ti ń fi fáíbà ṣe láti àwọn ọdún 1960. Ara àwọn mìíràn a tún máa lé ròrò bí ara ẹni tí iná jó.

Ẹnì kan nínú wa dábàá pé kí a tún un kùn, kí a tà á. Ìyá wa kò jà, wọ́n kàn bi wá pé: “Ọmọ ta ni yóò wọ̀ ọ́?”

A dákẹ́. A rántí pé Ànábì wa (SAW) ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ lọ́jà, wọ́n bá ìtutù nísàlẹ̀, wọ́n sì bá ẹni tó ń tà á wí pé kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn rí i.

A gé ìdí ọkọ̀ náà, a fi igi gbígbẹ tuntun sí i, a sì fi résìn dí ojú bóòtù gbogbo. Owó náà ká wa lára, ṣùgbọ́n ọkàn wa balẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù fáíbà, ẹ mú òòlù dání. Bí ẹ bá sì fẹ́ tà á, ẹ sọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà.